Owó Tí Wọ́n Kéde àti Owó Tó Wọ Àpò: Ọ̀rọ̀ Lórí Àwọn Tó Ń Fi Pókà Jẹun

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ péjọ, mo kí yín, ẹ kú ìjókòó. Ọ̀rọ̀ mi lónìí dá lórí àwọn ènìyàn tí wọ́n sọ pókà, eré káàdì tí wọ́n ń fi owó ta, di iṣẹ́ òòjọ́, tí wọ́n ń fi san owó ilé, tí wọ́n sì ń fi tọ́ ọmọ. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ nípa wọn kò ju àwòrán tó máa ń jáde láti Las Vegas lọ́dọọdún lọ: ẹnì kan dúró lẹ́yìn tábìlì, wọ́n to ìdì owó dọ́là gègèrè síwájú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ìwé ìròyìn sì ń sọ pé ó ti di olówó mílíọ̀nù. Ó pẹ́ tí mo ti ń fara balẹ̀ ka ìtàn àwọn ènìyàn wọ̀nyí, ohun tó sì dá mi lójú ni pé iye tí wọ́n kéde nídìí àwòrán yẹn kì í sábà jẹ́ iye tó wọ àpò ẹni tó jẹ ẹ́. Àárín iye méjèèjì yìí gan-an ni ìgbésí ayé wọn wà. Ibẹ̀ ni olówó ẹ̀yìn, ẹni tó ń san owó ìwọlé fún wọn, wà, àti gbèsè, àti ìpín tí wọ́n tà fún ọ̀rẹ́, àti àdéhùn tí kò ní ìwé, àti owó orí. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ mú yín lọ.

Kí ọ̀rọ̀ tó lè yé wa, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí wọ́n ṣe ń ta á. Nínú irú pókà tó gbilẹ̀ jù lọ, èyí tí wọ́n ń pè ní Texas Hold'em, ẹnì kọ̀ọ̀kan á gba káàdì méjì tí ojú ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ tó, wọ́n á sì máa ṣí káàdì márùn-ún sí àárín tábìlì ní ìpele-ìpele, fún ìlò gbogbo wọn. Ní ìpele kọ̀ọ̀kan, olúkúlùkù lè fi owó lé owó, ó lè san iye tí ẹlòmíràn fi lélẹ̀, ó sì lè ju káàdì rẹ̀ sílẹ̀ kí ó má baà pàdánù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀nà méjì ni ènìyàn fi ń jẹ: kí káàdì rẹ̀ dára jù nígbà tí wọ́n bá ṣí i, tàbí kí ó fi owó dẹ́rù ba àwọn yòókù títí gbogbo wọn á fi sá. Kàsínò, ilé tẹ́tẹ́ tó ni tábìlì, kì í bá wọn du káàdì. Owó tábìlì ló ń gbà, yálà kí ó máa yọ díẹ̀ nínú owó àárín tàbí kí ó gba owó ìjókòó. Àpò ẹni tó jókòó sí tábìlì kan náà ni owó èrè ti ń wá. Nítorí náà, ọ̀ta kò lè là bí kò bá sí òpè. Tábìlì tó bá kún fún kìkì ọ̀ta, kàsínò nìkan ló ń jèrè níbẹ̀.

Ohun kejì tó yẹ kí a mọ̀ ni bí agbára oríire ṣe tó. Ọ̀nà 1,326 ni káàdì méjì àkọ́kọ́ lè gbà bá ènìyàn lọ́wọ́, kò sì sí èyí tó ju ace méjì lọ. Síbẹ̀, bí ọ̀kan bá mú ace méjì, tí ẹnìkejì mú king méjì, tí àwọn méjèèjì sì kó gbogbo owó wọn sílẹ̀ kí káàdì àárín tó ṣí, ẹni tó mú king yóò jẹ ní nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan nínú márùn-ún. Ẹni tó pàdánù kò ṣe àṣìṣe kankan. Ní ìdíje ńlá, ọ̀rọ̀ náà tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún 2023, ènìyàn 10,043 ló wọ ìdíje àgbà World Series of Poker ní Las Vegas, 10,000 dọ́là sì ni owó ìwọlé ẹnì kọ̀ọ̀kan. Daniel Weinman ló jẹ ẹ́, ó gba 12.1 mílíọ̀nù dọ́là. Ṣùgbọ́n nǹkan bí 1,500 ènìyàn péré ni owó kan dé ọwọ́ wọn nínú gbogbo èrò yẹn. Àwọn bíi 8,500 tó kù lọ sílé lọ́wọ́ òfo, ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀ta tó mọ̀ ọ́n ta jù lọ láyé sì wà lára wọn. Ọ̀ta gidi lè lo ọdún kan gbáko nínú ìdíje kí ó má rí nǹkan kan mú bọ̀, bẹ́ẹ̀ ni onílé kò ní dúró de oríire rẹ̀ kí ó tó béèrè owó ilé. Ìdí nìyí tí kò fi sí ẹni tó ń fi pókà jẹun tó lè dá dúró pẹ́. Ó ní láti wá ẹni tí yóò bá a ru òfò.

Àwọn ará Texas ayé àtijọ́ mọ èyí dáadáa. Láàárín ọdún 1950 sí 1970, ojú ọ̀nà ni wọ́n ń gbé, láti ìlú kan dé òmíràn, nítorí pé òfin kò fàyè gba tẹ́tẹ́ níbẹ̀, tí ó sì jẹ́ inú yàrá kọ́lọ́fín ni wọ́n ti ń ta. Mẹ́ta nínú wọn ni Doyle Brunson, Amarillo Slim Preston àti Sailor Roberts. A bí Brunson ní Longworth ní 1933. Ó gbá bọ́ọ̀lù agbọ̀n débi tí àwọn ènìyàn fi ń retí pé yóò wọ ẹgbẹ́ ńlá, kí ẹrù tó wó lu ẹsẹ̀ rẹ̀ níbi iṣẹ́ ìgbà ìsinmi, tí ẹsẹ̀ náà sì ṣẹ́. Ó kàwé gboyè kejì ní yunifásítì, ó gba iṣẹ́ títa ẹ̀rọ ọ́fíìsì, ṣùgbọ́n nígbà tó rí i pé ìjókòó kan nídìí pókà lè mú owó tó ju owó oṣù kan lọ wá, ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní àpò kan ṣoṣo. Ohun tí ẹnikẹ́ni bá jẹ, inú àpò náà ló ń wọ̀. Ohun tí ẹnikẹ́ni bá pàdánù, inú rẹ̀ ló ti ń jáde. Bí oríire bá kọ ẹ̀yìn sí ọ̀kan, àwọn méjì yòókù á gbé e dúró. Bí adigunjalè bá sì dènà, tàbí tí oníjìbìtì to káàdì sílẹ̀ dè wọ́n, ojú mẹ́fà ló ń wò, kì í ṣe méjì. Nǹkan bí ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi wà bẹ́ẹ̀, títí wọ́n fi gbé àpò náà lọ sí Las Vegas, tí wọ́n sì pàdánù gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Wọ́n tú àpò náà ká, wọn kò tú ọ̀rẹ́ wọn ká. Èyí ni mo kà sí ẹ̀rí tó ga jù lọ nípa irú ènìyàn tí wọ́n jẹ́, ju gbogbo ife-ẹ̀yẹ tí wọ́n gbà lẹ́yìn náà lọ.

Àṣà àpò kan yìí kò parẹ́. Láti 2001 sí 2006, Andy Beal, olówó báńkì kan láti Texas, ń wá sí àwọn kàsínò Las Vegas láti bá àwọn ọ̀ta ibẹ̀ ta á lójúkojú, pẹ̀lú owó tó pọ̀ débi pé kò sí ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn tó lè dá a gbé. Wọ́n da owó pọ̀, wọ́n ń yan ẹni tí yóò jókòó, gbogbo wọn sì ń pín èrè àti òfò. Ní oṣù Kejì 2006, Beal kọ́kọ́ gba mílíọ̀nù bíi mélòó kan lọ́wọ́ wọn, lẹ́yìn náà ni wọ́n fi Phil Ivey jókòó tì í, Ivey sì gba ohun tó ju 16 mílíọ̀nù dọ́là padà láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Orúkọ Ivey ni gbogbo ayé ń pè. Àpò ẹgbẹ́ ni owó náà wọ̀.

Ní ọdún 1970 ni Benny Binion, tó ni kàsínò Horseshoe ní Las Vegas, pe àwọn ọ̀ta jọ fún World Series of Poker àkọ́kọ́. Kò tíì rí bí a ti mọ̀ ọ́n lónìí. Ìbò ni àwọn ọ̀ta náà fi yan Johnny Moss gẹ́gẹ́ bí ẹni tó mọ̀ ọ́n ta jù lọ láàárín wọn, ọdún tó tẹ̀lé e ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í díje títí ẹnì kan ṣoṣo á fi kù. Ní 1972, nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó parí, Brunson kó owó tó wà níwájú rẹ̀, ó sì fi tábìlì sílẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ sọ nígbà tó yá pé òun kò fẹ́ òkìkí, nítorí pé ojú àbùkù ni àwọn ará ilé òun ní Texas fi ń wo ẹni tó ń ta tẹ́tẹ́. Preston ni wọ́n dé ládé, ó sì gbé ẹnu tó dùn kiri orí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà, ó sọ pókà di ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú ilé. Roberts jẹ ẹ́ ní 1975. Nígbà tí ó fi máa di 1976 àti 1977, Brunson kò bẹ̀rù òkìkí mọ́. Ó jẹ ẹ́ léraléra, káàdì kan náà, 10 àti 2, ló sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó parí ìdíje méjèèjì. Ó ta pókà títí di ọjọ́ ogbó, ó sì papò dà ní 2023.

Ẹni tí ìtàn rẹ̀ ń dùn mí jù ni Stu Ungar. New York ni wọ́n bí i sí ní 1953, gin rummy, eré káàdì mìíràn, ni ó sì kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n ta, débi pé kò sí ẹni tó fẹ́ bá a jókòó mọ́. Ó dé ìdí pókà, ó gba ìdíje àgbà ní 1980 àti 1981. Ohun tó bá jẹ lórí pókà, ẹṣin àti eré ìdárayá ló ń fi kó o dànù, oògùn kokéènì sì jẹ èyí tó kù àti ara rẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tí ó fi máa di 1997, kò ní 10,000 dọ́là tí yóò fi wọ ìdíje. Billy Baxter, ọ̀ta bíi tirẹ̀ tó tún jẹ́ olówó, ló san án fún un nígbà tí ilẹ̀kùn fẹ́rẹ̀ẹ́ tì. Ungar jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Mílíọ̀nù kan dọ́là ni wọ́n kéde. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ ti Baxter, ìdajì tó kù sì tán kí ọdún kan tó yí po. Ní 1998, Baxter tún sanwó fún un, ṣùgbọ́n Ungar kò lè sọ̀kalẹ̀ wá láti yàrá rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún yẹn ni wọ́n bá òkú rẹ̀ nínú yàrá ilé ìtura olówó pọ́ọ́kú kan ní Las Vegas. Ọmọ ọdún 45 ni. Ọwọ́ àwọn ojúgbà rẹ̀ ni wọ́n ti gba owó ìsìnkú rẹ̀ jọ. Àwọn tó bá a ta á gbà pé kò sí ẹni tó ní ẹ̀bùn tó o, gbogbo wọn ló sì mọ̀ pé bí ẹ̀bùn bá ti tó báyìí, tí ẹni náà kò sì lè ṣọ́ owó òwò rẹ̀, kò tíì ní iṣẹ́ lọ́wọ́.

Àdéhùn Baxter àti Ungar rọrùn, ìdajì fún ọ, ìdajì fún mi. Èyí tó gbòde lónìí ta kókó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Olówó ẹ̀yìn á máa san owó ìwọlé fún ọ̀ta kan láti ìdíje dé ìdíje, wọ́n á sì máa kọ gbogbo òfò sílẹ̀. Nígbà tí ọ̀ta náà bá jẹ, òfò àtẹ̀yìnwá ni olówó á kọ́kọ́ gbà padà, èyí tó bá ṣẹ́ kù ni wọ́n á pín. Makeup ni wọ́n ń pe gbèsè náà. Ká ní ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti pàdánù 200,000 dọ́là sẹ́yìn, tí ó wá jẹ ìdíje kan tó mú 250,000 wálé: 200,000 á padà sọ́dọ̀ olówó, wọ́n á pín 50,000 sí méjì, 25,000 ló máa kù sí ọ̀dọ́mọkùnrin náà lọ́wọ́. 250,000 ni gbogbo ayé yóò kà. Ó jọ ìwọ̀fà ilẹ̀ wa láyé àtijọ́ lójú mi, ẹni tó ń lọ sóko olówó láràárọ̀ nítorí owó tí wọ́n ti ná tán kó tó dé oko. Bí gbèsè náà bá pọ̀ jù, ọ̀ta lè mọ̀ pé kò sí iye tí òun lè jẹ nínú ìdíje kékeré tí yóò dé ọwọ́ òun, ọkàn rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò nídìí iṣẹ́. Kì í ṣe pé olówó ẹ̀yìn ni ọ̀tá o. Bí ọ̀ta bá pa tábìlì tì, tí ó wá iṣẹ́ mìíràn lọ, olówó lè má rí nǹkan kan gbà mọ́ láéláé.

Àwọn ọ̀nà mìíràn tún wà tó fúyẹ́ jù báyìí lọ. Ọ̀rẹ́ méjì lè pààrọ̀ ìpín márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, kí èyí tó bá jẹ lè fún èkejì. Ọ̀ta tó lórúkọ lè ta ìpín ara rẹ̀ fún àwọn tó gbà á gbọ́, kí ó sì bu iye lé e, nítorí pé ó ti fi ẹ̀rí hàn tẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kì í ní ìwé. Àtẹ̀jíṣẹ́ kúkúrú kan lórí fóònù ni, tàbí ọ̀rọ̀ ẹnu lẹ́nu ọ̀nà kàsínò. Ẹni tó bá sì ṣẹ̀ sí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, orúkọ rẹ̀ á ti yí ká kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ọ̀rọ̀ ẹnu yìí ló dé kóòtù ní 2006. Ọdún mẹ́ta ṣáájú ìgbà yẹn, Chris Moneymaker, akọ̀wé ìṣirò owó láti Tennessee, ti gba àyè ìdíje àgbà láti inú ìdíje kékeré kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí kò ná an tó 100 dọ́là, ó sì borí ènìyàn 838, ó gba 2.5 mílíọ̀nù dọ́là. Gbogbo ẹni tó ní kọ̀ǹpútà nílé ló gbà pé òun náà lè ṣe é. Èrò ya wọlé, àwọn tó díje sì di 8,773 ní 2006. Jamie Gold ló jẹ ti ọdún náà, 12 mílíọ̀nù dọ́là ni wọ́n sì kéde fún un. Kí ó tó gba owó náà tán, Crispin Leyser gbé e lọ sí kóòtù, ó ní Gold ti ṣèlérí ìdajì fún òun nítorí iṣẹ́ tí àwọn méjèèjì jọ ṣe, ohùn Gold tó wà lórí fóònù rẹ̀ sì ni ó fi ṣe ẹ̀rí. Kóòtù dá 6 mílíọ̀nù dúró. Wọ́n parí rẹ̀ láàárín ara wọn ní 2007. Láti ìgbà náà, mo rí i pé àwọn ọ̀dọ́ tó ń bọ̀ lẹ́yìn túbọ̀ ń kọ àdéhùn wọn sílẹ̀, mo sì rò pé ó tọ́ bẹ́ẹ̀.

Ìdánwò tó tóbi jù lọ dé ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin 2011. Ìjọba Amẹ́ríkà fẹ̀sùn kan àwọn tó ni PokerStars, Full Tilt Poker àti Absolute Poker, wọ́n sì ti ojú òpó pókà wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì pa fún àwọn tó wà ní Amẹ́ríkà. Ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn tó jẹ́ pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ wọn wà jí láàárọ̀ ọjọ́ kejì, iṣẹ́ ti lọ. Àwọn kan kó ẹrù, wọ́n lọ ń gbé ní Mẹ́síkò tàbí Kánádà kí wọ́n lè máa tẹ̀ síwájú. Èyí tó burú jù ni ti Full Tilt, nítorí ó hàn nígbà tó yá pé owó tí àwọn ènìyàn fi síbẹ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́. Agbẹjọ́rò ìjọba sọ pé ilé-iṣẹ́ náà jẹ àwọn oníbàárà rẹ̀ ní nǹkan bí 390 mílíọ̀nù dọ́là. Ẹ rántí pé inú ojú òpó wọ̀nyẹn ni ọ̀pọ̀ wọn kó gbogbo owó òwò wọn sí, bí oníṣòwò ṣe ń kó ọjà sí ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ọ̀ta olórúkọ wà lára àwọn tó dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀, orúkọ wọn ni àwọn ọ̀dọ́ sì fi ọkàn tán. Ní 2012, PokerStars gbà láti san 731 mílíọ̀nù dọ́là kí ọ̀rọ̀ tó wà láàárín òun àti ìjọba lè parí, kí Full Tilt sì di tirẹ̀, owó náà ni wọ́n sì fi san ti àwọn tó pàdánù. Ṣùgbọ́n ọdún 2014 ni owó tó bẹ̀rẹ̀ sí í dé ọwọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà. Ọdún mẹ́ta kì í ṣe kékeré fún ẹni tí owó òwò rẹ̀ há.

Lẹ́yìn ìgbà náà ni ẹ̀rọ dé. Ní oṣù Kìíní 2017, ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ Libratus, tí àwọn ọ̀mọ̀wé yunifásítì Carnegie Mellon ṣe, bá ọ̀ta mẹ́rin ta á fún ogúnjọ́ ní Rivers Casino ní Pittsburgh, ó sì borí gbogbo wọn. Lónìí, ẹni tó bá fẹ́ fi pókà jẹun ń lo wákàtí púpọ̀ níwájú kọ̀ǹpútà bíi akẹ́kọ̀ọ́ tó ń múra ìdánwò. Ètò tí wọ́n ń pè ní solver á máa fi iye tó yẹ kí ó fi lélẹ̀ hàn án, àti ìgbà tó yẹ kí ó purọ́. Ẹ̀kọ́ náà ń náni lówó, nítorí náà àwọn ọ̀rẹ́ máa ń jọ san án, wọ́n máa ń jọ gba ilé kan ní Las Vegas ní oṣù Kẹfà àti Keje tí ìdíje bá dé, wọ́n á jọ jẹun, wọ́n á sì jọ yẹ káàdì àná wò lóru.

Mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí ohun tí àṣà ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́ yìí ń ṣe fún àwọn obìnrin. Ní 1995, Barbara Enright jókòó sí tábìlì àṣekágbá ìdíje àgbà, ó ṣe ipò karùn-ún. Kò sí obìnrin mìíràn tó tún débẹ̀ títí Leo Margets, ọmọ Sípéènì, fi dé e ní 2025. Àwọn obìnrin tó ń wọlé kéré, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n níbi tí owó ìwọlé, ẹ̀kọ́ àti ìpín ti ń gba ọwọ́ ọ̀rẹ́ ọkùnrin sí ọ̀rẹ́ ọkùnrin kọjá, ẹni tí wọn kò pè sí ilé yẹn ń dá ru òfò tirẹ̀ ni, mo sì ti sọ pé kò sí ẹni tó lè dá a rù pẹ́.

Ó ku owó orí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìjọba kì í gba owó orí lórí ohun tí ènìyàn bá jẹ nídìí tẹ́tẹ́, kódà bí ó bá ń fi jẹun. Ní Amẹ́ríkà, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ ní 1987, nínú ẹjọ́ Groetzinger, pé ẹni tó fi gbogbo àkókò rẹ̀ ta tẹ́tẹ́ láti fi jẹun ń ṣe òwò gẹ́gẹ́ bí oníṣòwò èyíkéyìí; ó sì lè yọ òfò rẹ̀ kúrò nínú èrè kí wọ́n tó bu owó orí fún un. Òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù Keje 2025 yí èyí padà: láti 2026, ìpín 90 nínú 100 òfò náà ló lè yọ. Ẹ wo ohun tó túmọ̀ sí. Ẹni tó jẹ mílíọ̀nù kan dọ́là láàárín ọdún, tí ó sì pàdánù mílíọ̀nù kan, kò ní kọ́bọ̀ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ìjọba yóò kà á sí ẹni tó jèrè 100,000, yóò sì san owó orí lórí rẹ̀. Fún ọ̀ta tó ń wọ ìdíje ọgọ́rùn-ún lọ́dún, tí èrè rẹ̀ tòótọ́ kò ju ìpín díẹ̀ lọ nínú gbogbo owó tó ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, òfin náà lè gba gbogbo ohun tó jẹ. Dina Titus, tó ń ṣojú Las Vegas ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, gbé àbá òfin kalẹ̀ nínú oṣù Keje yẹn kan náà pé kí wọ́n dá gbogbo òfò náà padà fún wọn láti máa yọ.